Níbo Ni Ilé Yín? Ìrírí Mi Nínú Ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì ní Ìbàdàn

Kì í ṣe jọ́gíráfì ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB nígbà tí mo ń wá ọ̀nà àtiwọ yunifásítì. Ẹ̀kọ́ òfin ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n máàkì mi kò tó, jọ́gíráfì ni wọ́n sì fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ń gbé ní Mọ́kọ́lá bi mí léèrè pé, "Ṣé orúkọ òkè àti odò ni ìwọ yóò fi ọdún mẹ́rin há sórí?" N kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà, nítorí pé èmi pàápàá rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà rí. Ohun tí ó yí èrò mi padà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, pàápàá jù lọ ìbéèrè kan tí mo bi àwọn ìyá ọlọ́jà ní ọdún kẹrin, èyí tí mo rò pé ó rọrùn ju gbogbo ìbéèrè yòókù lọ.

Jọ́gíráfì pín sí ọ̀nà méjì gbòòrò. Ọ̀kan ń wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀: òjò, odò, òkúta, erùpẹ̀ àti igbó. Èkejì ń wo ọmọ ènìyàn lórí ilẹ̀: ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí àti ìdí tí wọ́n fi tẹ̀dó síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣí láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, ibi tí wọ́n ti ń rà àti ibi tí wọ́n ti ń tà, ẹni tí ó ní ilẹ̀ àti ẹni tí kò ní. Èkejì yìí ni mo yàn láàyò. Ọdún mẹ́rin ni dígírì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní honours, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní ọdún tí ó kẹ́yìn, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé, kí ó sì dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń pe iṣẹ́ yìí.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ìtàn kan tí olùkọ́ wa sọ ni ó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn. Ní ọdún 1854, àrùn kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow kò gbà pé afẹ́fẹ́ búburú ni ó ń gbé àrùn náà kiri, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbàgbọ́ nígbà náà. Ó wádìí ibi tí àwọn tí ó kú ń gbé, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ń gbé yí ẹ̀rọ omi kan ká ní òpópónà Broad Street, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni ó fi àmì sí orí àwòrán ilẹ̀ fún ikú kọ̀ọ̀kan, àwọn àmì náà sì ṣùjọ yí ẹ̀rọ náà ká. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìtàn náà dé nìyẹn, ṣùgbọ́n apá tí n kò lè gbàgbé ni ti opó kan tí kọ́lẹ́rà pa ní Hampstead, ibi tí ó jìnnà sí Soho. Snow wádìí títí ó fi mọ̀ pé obìnrin náà ti gbé ní Broad Street rí, àti pé omi ibẹ̀ dùn mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jẹ́ kí wọ́n bu ú wá fún òun. Hampstead ni ó ń sùn, ṣùgbọ́n Soho ni omi mímu rẹ̀ ti ń wá. Bí ènìyàn bá fi àmì sí ibi tí ó ti kú nìkan, ikú rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Mo kọ ìtàn náà sínú ìwé mi, mo sì rò pé mo ti lóye rẹ̀.

Ọdún kejì ni wọ́n kó àwọn àbá ńláńlá dé iwájú wa. Ará Jámánì kan, von Thünen, kọ̀wé ní ọdún 1826 nípa bí iye owó tí wọ́n fi ń kó irè oko lọ sọ́jà ṣe ń pinnu ohun tí àgbẹ̀ yóò gbìn sí itòsí ìlú àti èyí tí yóò gbìn sí òkèèrè. Christaller, ará Jámánì mìíràn, fi àwọn ìlú gúúsù Jámánì ṣàlàyé ní ọdún 1933 bí ìlú ńlá àti ìlú kéékèèké ṣe ń pín oníbàárà láàárín ara wọn. Burgess ní tirẹ̀ fi ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà kọ́ni ní ọdún 1925 pé ìlú máa ń gbòòrò láti àárín kan ṣoṣo, ní òbìrí lórí òbìrí. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo sì fi yege ìdánwò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìdánwò náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan pinnu láti fi ẹsẹ̀ rìn láti orí òkè Màpó títí dé Dùgbẹ̀, kí a máa wá àwọn òbìrí tí Burgess sọ. A kò rí wọn. Àwọn agboolé àtijọ́ tí ilé wọn fara kan ara wọn, tí òrùlé páànù wọn ti pọ́n, ni ó yí Ọjà Ọba ká, a sì tún bọ́ sí àwọn òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù kún títí a fi dé Dùgbẹ̀, níbi tí ilé ìfowópamọ́ àti ilé gíga wà. Nínú ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ni mo ti wá rí àlàyé rẹ̀. Wọ́n kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé. Wọ́n fi hàn pé Ìbàdàn ní ọkàn méjì. Ọ̀kan ni ti àwọn jagunjagun tí wọ́n pàgọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, tí wọ́n sì kọ́ agboolé wọn yí ọjà àti òkè ká. Èkejì ni èyí tí ọkọ̀ ojú irin bí nígbà tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí àwọn oníṣòwò òyìnbó sì wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí apá Gbági àti Dùgbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè, kí n tó gba àbá kankan gbọ́, pé ìlú wo ni ẹni tí ó kọ ọ́ ń wò nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ìyẹn kò sọ àbá Burgess di asán lójú mi, nítorí pé òun ni ó mú wa jáde lọ wo Màpó pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́nu. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, à bá kàn kọjá níbẹ̀ bí a ti máa ń kọjá.

Nígbà tí ó di ọdún kẹrin, mo gbé àkòrí pírójẹ́ẹ̀tì mi lọ bá alábòójútó mi. Àkòrí náà sọ nípa ọjà àti ìdàgbàsókè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n kà á, wọ́n sì dá ìwé náà padà fún mi pé, "Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èwo nínú wọn ni o fẹ́ mọ̀ dáadáa?" Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀ ní ọ́fíìsì wọn kí ó tó wá ṣẹ́kù ìbéèrè kan: àwọn tí ń ná ọjà oko kan báyìí, níbo ni wọ́n ti ń wá, kí sì ni ó ń mú wọn wá? Ọjà náà wà ní apá àríwá Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ṣe ìlérí fún àwọn ìyá tí ń ná an pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi dá wọn mọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà dùn mí púpọ̀ nígbà náà, tí mo ń rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lónìí, bí àbúrò kan bá bi mí ohun tí ó ṣòro jù lọ nínú dígírì náà, dídín ìbéèrè kù ni mo máa ń sọ, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ṣe ìwádìí, n kò bá ọjà. Mo ti kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ ní ọjọ́ Tuesday, wọ́n sì sọ fún mi pé, "Ọrún ni ọjà wa, a ná an lánàá." Mo ka ọjọ́ márùn-ún láti ọjọ́ Monday tí wọ́n ná an, ó bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, mo sì wọ Máíkírà, mo tún gun ọ̀kadà dé ibẹ̀ ní àárọ̀ kùtù. Àtíbàbà tí ó ṣófo ni mo bá, pẹ̀lú ewúrẹ́ mélòó kan tí wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Ọmọdé kan ni ó sọ fún mi pé àná ni wọ́n ná ọjà. Bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́, ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà wà lára rẹ̀: Monday ni ọ̀kan, Friday sì ni ó pé márùn-ún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìmọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí mo bá sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ ní ìjẹta, ẹ̀ta wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú àná ni mo ní lọ́kàn. Èdè mi ni, ẹnu mi ni mo sì fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ilé ìwé ni mo gbé lọ sí ọjà.

Àṣìṣe yìí mú mi jókòó ti kàlẹ́ńdà. Ọjà ọrún a máa padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ ilé ìwé sì jẹ́ ọjọ́ méje, nítorí náà ọjà kan tí ó bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kò ní bọ́ sí Sátidé mọ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 28. Sátidé nìkan ni mo rò pé mo fi máa ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà mẹ́ta péré ni n bá rí ọjà náà ní oṣù mẹ́ta. Mo lọ bá alábòójútó mi, a sì tún gbogbo ètò náà tò kí ó lè bá ọjọ́ ọjà mu. Níbẹ̀ ni mo ti wá rí bí àwọn ọjà tí ó sún mọ́ra ṣe ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn: bí ti ibí bá jẹ́ ọjọ́ Ògún, ti abúlé kejì lè jẹ́ ọjọ́ Jàkúta, kí alájàpá lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì lára. Àwọn ọjà mìíràn ń ná ìsán, èyí tí ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ní Ọjẹ́ nínú ìlú, ìtàdógún ni ọjà aṣọ òkè, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sì ni ó wà láàárín ọjà kan àti òmíràn. Gbogbo ohun tí Christaller fi ìlú ṣàlàyé ní Jámánì, àwọn baba wa fi ọjọ́ ṣe é pẹ̀lú.

Nígbà tí mo wá bá ọjà gan-an, mo lọ kúnlẹ̀ kí ìyálọ́jà, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá." Wọ́n gbà mí láàyè, wọ́n sì ní kí ọmọ wọn kan mú mi yípo. Ìbéèrè mi pọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni èkejì: "Níbo ni ilé yín?" Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ya ìlà láti ọjà lọ sí ibi tí oníkálukú ti wá. Mo ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ ọjà mẹ́rin. Nígbà tí mo ya àwòrán ilẹ̀ náà tán lórí kọ̀ǹpútà, ìlà tí ó pọ̀ jù lọ ni ó nà tààrà lọ sí àárín ìgboro Ìbàdàn, sí Bẹẹrẹ, Ọ̀rányàn, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti rí nǹkan ńlá, pé ará ìgboro ni ó ń gbé ọjà oko náà ró. Alábòójútó mi wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé láti Bẹẹrẹ ni wọ́n ti ń ru ẹ̀gẹ́ tútù wá tà lóko?"

Mo padà lọ ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ni mo kọ́kọ́ bá, mo sì sọ ohun tí ó dà mí láàmú fún wọn. Wọ́n fi kọ́ńgò wọn sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé ni o bèèrè, o ò bèèrè oko. Ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Oko ni mò ń gbé." Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn wá fún ọkọ ni. Ó ju ogójì ọdún lọ tí ìyá yìí ti ń sùn sí abúlé náà, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sin ọkọ wọn, oko sì ni wọ́n ń pè é síbẹ̀.

Bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń gbé ayé wọn láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Agboolé ní àárín ìlú ní ilẹ̀ lóko, ó ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ dáko, abúlé ń hù níbẹ̀, àwọn tí ń gbé abúlé náà sì ń bá a lọ láti jẹ́ ọmọ agboolé. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé, ọ̀dọ̀ Mógàjí, olórí agboolé, ní ìlú ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìlú ni wọ́n ń wọ̀ wá fún ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ọdún. Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lórí ilé àti oko yìí láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, mo sì ti kà á ní ọdún kẹta. Kíkà tí mo kà á kò ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ìbéèrè mi sílẹ̀ kí n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi rò ó, ilé ni ibi tí ènìyàn ń sùn. Lẹ́nu ìyá yẹn, ilé ni ibi tí wọ́n ti lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn jẹ́ ọmọ ẹnì kan. Ìgbà náà ni opó Hampstead padà sí mi lọ́kàn. Mo ti fi àmì sí ibi tí kò yẹ, mo sì ń bínú sí àwòrán ilẹ̀.

Mo ya ìbéèrè kan náà sí mẹ́rin: Níbo lẹ sùn lánàá? Níbo lẹ ti ń dáko? Agboolé wo ni yín ní ìlú? Níbo lẹ ti ṣe Iléyá tàbí Kérésì tí ó kọjá? Mo kọ́kọ́ dán wọn wò lẹ́nu ènìyàn mẹ́fà kí n tó lò wọ́n, èyí tí ó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún mi ní àwòrán ilẹ̀ tí ó yàtọ̀. Ti oorun kún fún ìlà kúkúrú tí ẹsẹ̀ lè rìn láàárín wákàtí kan. Ti ọdún nà gùn wọ ìgboro, ó sì jẹ́ ohun ìwúrí fún mi pé orúkọ Iléyá pàápàá ń pe ènìyàn wálé. Ṣùgbọ́n ti agboolé ni ó ṣàlàyé ọjà náà fún mi. Alájàpá tí ó ń ti ìgboro wá kì í kàn ra ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní abúlé tí àwọn ará agboolé wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹrù láwìn, tí wọ́n á sanwó ní ọjọ́ ọjà tí ó ń bọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá sá fún gbèsè yóò ṣì pàdé olówó rẹ̀ níbi ìkómọ. Von Thünen ṣírò owó ọkọ̀. Kò sí ohun tí ó ń jẹ́ ìkómọ nínú ìṣirò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ohun tí mo ti kà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ravenstein ti kọ ọ́ ní ọdún 1885, láti inú ètò ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣí kúrò níbì kan kì í lọ jìnnà, àti pé bí àwọn kan bá ti ń lọ, àwọn kan yóò máa padà bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mabogunje sọ ní ọdún 1970 pé kí a má ṣe wo ìṣílọ sí ìlú bí ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ìròyìn tí ẹni tí ó lọ ń fi ránṣẹ́ sílé ni ó ń pinnu bóyá ẹlòmíràn yóò tẹ̀lé e. Mo ti fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ọdún kẹta. Ní ọdún kẹrin, mo ti mọ ojú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, àwọn tí wọ́n ń ru agbọ̀n ata lọ, tí wọ́n sì ń kó ìròyìn ẹni tí ó bímọ àti ẹni tí ó ń tà ilẹ̀ bọ̀.

Mo tún kọ́ pé kò yẹ kí alẹ́ lẹ́ kí n tó kọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ sínú ìwé ní kíkún, nítorí pé ní ọjọ́ kejì, ohùn ènìyàn ti máa ń lọ kúrò nínú rẹ̀. Mo kọ́ pé bí mo bá mú páálí ìwé dání bí òṣìṣẹ́ ìjọba, owó orí ni àwọn ìyá máa rò pé mo wá gbà, nítorí náà mo ń bá wọn jókòó, mo ń bá wọn ṣa ẹ̀wà nígbà mìíràn, kí n tó bèèrè ohunkóhun. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tí mo ń sá fún ní ọdún kejì wá di ohun tí mo fi òru kọ́, nítorí pé láìsí i, n kò lè fi hàn pé ohun tí mo rí kì í ṣe ti ènìyàn mélòó kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ nípa ọmọ ènìyàn kò gbọ́dọ̀ rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò.

Ìgbà márùn-ún ni alábòójútó mi fi bírò pupa tún orí kẹrin ìwé náà ṣe. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jù lọ ni, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?" Nígbà tí mo dúró níwájú àwọn olùkọ́, ìbéèrè tí ó gùn jù lọ dá lórí àwòrán ilẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí kò tọ̀nà. Mo ti fi í sínú ìwé pẹ̀lú, mo sì kọ ìdí tí ó fi ṣì mí lọ́nà. Ẹ̀rù bà mí láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni a ti sọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ mi jù ní ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, mo tẹ àwòrán ilẹ̀ ti agboolé sórí pépà ńlá, mo sì gbé e lọ fún ìyálọ́jà ní ọjọ́ ọjà kan. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpò gàrí, àwọn ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún sì pagbo yí i ká. Mo ń fi ìka tọ́ka sí abúlé kọ̀ọ̀kan, mo ń dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tẹ ìka wọn mọ́ ibì kan láàárín abúlé tiwọn àti ọjà, níbi tí n kò ya ohunkóhun sí, wọ́n ní, "Ọ̀nà wa dà?" Wọ́n ṣàlàyé pé ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba etí odò kọjá níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń gbà á, nítorí pé omi máa ń bò ó bí ìgbà òjò bá ti dé. Ìgbà òjò ni gbogbo ìwádìí mi bọ́ sí. Mo yọ bírò, mo sì ya ọ̀nà náà síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń júwe rẹ̀ fún mi, igi àràbà, òkúta ńlá, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣánlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sínú odò.